Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nídìí ìlà Date nígbà tí Perl bá ń fi íméèlì ránṣẹ́

Nínú gbogbo ìlà tó máa ń wà lókè íméèlì (header), méjì péré ni RFC 5322, ìwé ìlànà íméèlì ti ọdún 2008, sọ di dandan: From àti Date. To kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Subject kò sí níbẹ̀. Síbẹ̀, Date yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń kọ Perl, èdè kọ̀ǹpútà, máa ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú, tí a ó wá máa wádìí ìdí tí lẹ́tà wa fi ń bọ́ sínú àpò spam. Bó ṣe yẹ kó rí nìyí:

Date: Sun, 09 Sep 2001 02:46:40 +0100

Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú àkókò yìí ni. Òun ni ìṣẹ́jú àáyá tí aago Unix (iye ìṣẹ́jú àáyá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970) pé 1000000000, tí a bá kà á ní aago Èkó. Nọ́ńbà yìí ni n ó máa lò títí dé ìsàlẹ̀, kí ẹ lè tẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín.

Àkọ́kọ́, ẹ má ṣe gbé ohun tí localtime, àṣẹ Perl tó ń sọ aago ibi tí a ṣètò kọ̀ǹpútà sí, bá pọ̀ síta sínú header bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá kọ scalar localtime(1000000000), ohun tí ẹ máa rí ni "Sun Sep  9 02:46:40 2001". Kò sí kọ́mà, ọdún lọ sí ìparí, kò sì sí ohun tó sọ ibi tí aago náà wà. Ó dáa fún ìwé log tí ojú èèyàn máa kà. Ẹ̀rọ ló ń ka Date, ẹ̀rọ kì í sì í bá wa ro ohun tí a ní lọ́kàn. SpamAssassin, ètò tó ń ṣa spam, tí wọ́n fi Perl kọ, ní òfin kan tó ń jẹ́ INVALID_DATE fún irú ìlà bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan á ní àwọn á fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ kí àwọn tún un tò. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ẹ rántí pé láti òdo ni localtime ti ń ka oṣù, láti 1900 ló sì ti ń ka ọdún. Oṣù Kẹsàn-án á jáde bíi 8, ọdún 2001 á jáde bíi 101. Àwọn tó kàn lẹ "19" mọ́ iwájú ọdún kò rí wàhálà títí 1999 fi parí. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kìíní ọdún 2000 mọ́, ọdún 19100 ni script wọn ń kọ. Ẹ fi 1900 kún un ni, ẹ má lẹ nǹkan kan mọ́ ọn.

Ibi tó le jù ni +0100 tó wà ní ìparí yẹn, ìyẹn bí aago ìlú ṣe yàtọ̀ sí ti Greenwich. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fi ọwọ́ kọ ọ́. Mo kọ script kan fún ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan tó ń fi rìsíìtì ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Oṣù Kejìlá ni mo kọ ọ́, server tí a háyà wà ní Jámánì, mo sì kọ "+0100" sínú rẹ̀ tààrà, torí Nàìjíríà kì í yí aago padà. Gbogbo rìsíìtì pé. Nígbà tí oṣù Kẹta ń parí lọ, akọ̀wé ẹgbẹ́ pè mí: "Ẹ̀gbọ́n, aago mẹ́wàá ni mo gba rìsíìtì yìí, ó ṣe wá kọ aago mọ́kànlá sí i?" Mo yẹ gbogbo kóòdù wò, n kò rí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni mo rántí: ní ìgbà òtútù, aago Jámánì àti ti Èkó jọ ń lọ ni. Ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹta, wọ́n sún tiwọn síwájú, ó di +0200. Server ń ka aago Jámánì, èmi ń fi orúkọ Èkó pè é.

Ká ní New York ni server wà ni, wákàtí márùn-ún ni lẹ́tà náà ì bá fi pẹ́ sẹ́yìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọ̀hún. Ìyẹn sì ti wọ inú òfin SpamAssassin mìíràn, DATE_IN_PAST_03_06, tó wà fún ọjọ́ tó fi wákàtí mẹ́ta sí mẹ́fà pẹ́ sẹ́yìn.

Ẹlòmíì á sọ pé òun á lo gmtime, tó ń fúnni ní aago Greenwich, kí ọ̀rọ̀ lè parí. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí ẹ bá gbé e fún strftime, tó ń to ọjọ́ bí a ṣe fẹ́ (%z ló ń kọ àmì ìparí), lórí kọ̀ǹpútà tí aago rẹ̀ wà ní Èkó:

strftime("%a, %d %b %Y %H:%M:%S %z", gmtime(1000000000))

Ohun tó máa jáde ni "Sun, 09 Sep 2001 01:46:40 +0100". Wákàtí jẹ́ ti Greenwich, àmì ìparí jẹ́ ti Èkó, nítorí gmtime kò sọ fún strftime pé aago Greenwich ni òun gbé wá. Ẹni tó bá dán an wò ní Lomé kò ní rí àléébù kankan, torí Tógò wà lórí +0000. Tó bá dé Kọ̀tọ́nù ló máa tó fi ojú hàn. Tí ẹ bá fẹ́ lo %z, localtime ni kí ẹ fún un. Tó bá sì jẹ́ gmtime ni ẹ fẹ́, ẹ fi ọwọ́ kọ "+0000". Ibi kan ṣoṣo tí mo ti gbà pé kéèyàn fi ọwọ́ kọ ọ́ nìyẹn. Ẹ ṣọ́ra fún Windows àtijọ́ pẹ̀lú, torí orúkọ gígùn bíi "W. Central Africa Standard Time" ni %z máa ń kọ níbẹ̀.

Kọ̀tọ́nù tí mo dárúkọ yẹn tún rán mi létí ọ̀rọ̀ èdè. %a (orúkọ ọjọ́) àti %b (orúkọ oṣù) ń tẹ̀ lé èdè tí wọ́n ṣètò kọ̀ǹpútà sí. Lórí ẹ̀rọ tí LC_TIME rẹ̀ (ètò èdè fún ọjọ́) jẹ́ fr_FR.UTF-8, ìyẹn Faransé, ọjọ́ wa yìí lè di "dim., 09 sept. 2001". Tó bá bọ́ sí oṣù Kejì, "févr." á gbé lẹ́tà tó ní àmì lórí wọnú header. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni òfin gbà níbẹ̀, bí a tilẹ̀ fẹ́ràn Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó. Ohun tó ń da àwọn èèyàn láàmú jù ni pé cron, tó ń bá wa pe script ní àkókò tí a yàn, kì í sábà gbé ètò èdè inú terminal dání: ó bàjẹ́ lójú yín, ó dáa lóru, tàbí kó yí padà. Ẹ ṣe é báyìí:

use POSIX qw(strftime setlocale LC_TIME);
my $old = setlocale(LC_TIME);
setlocale(LC_TIME, "C");
my $d = strftime("%a, %d %b %Y %H:%M:%S %z", localtime($t));
setlocale(LC_TIME, $old);

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì tí inú lẹ́tà bá ní ọjọ́ tó yẹ kó wà ní Faransé. Èmi o, module Email::Date::Format láti CPAN, ibi ìkójọ module Perl, ni mò ń lò báyìí. Nínú rẹ̀, email_date($t) ti parí gbogbo rẹ̀.

Àwọn tó ń pe àṣẹ `date -R` láti inú Perl náà ń rí ọjọ́ tó pé, àmọ́ ìlà tuntun tó wà ní ìparí rẹ̀ ń tẹ̀ lé e wọlé. Tí ẹ bá wá kọ "Date: $d\n", ìlà òfìfo kan á ti wà níbẹ̀, ìlà òfìfo ló sì ń parí header. Subject àti Content-Type á wá hàn nínú ara lẹ́tà, níwájú "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta". Ẹ fi chomp gé ìlà tuntun yẹn kúrò kí ẹ tó lò ó.

Kí ẹ tó gbé script sórí server, ẹ fún $t ní 1000000000, kí ẹ sì fi èdè àti aago ìlú míì dán an wò. Ẹ kọ́kọ́ fi locale -a wò ó bóyá Faransé wà lórí ẹ̀rọ náà:

TZ=Asia/Kolkata LC_ALL=fr_FR.UTF-8 perl risiiti.pl

Mo yan Íńdíà torí ìdajì wákàtí tó wà nínú aago wọn. Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ ṣírò wákàtí nìkan, ibẹ̀ ni àṣírí rẹ̀ ti máa tú. Tó bá kọ "Sun, 09 Sep 2001 07:16:40 +0530", ẹ gbé e lọ.