Ṣéènì Kẹ̀kẹ́ Tó Ń Han: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìsinkàn, ní Àkúrẹ́, ni mo ti ń tún kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń gbé wá bá mi, ọ̀rọ̀ ṣéènì ló pọ̀ jù. Díẹ̀ lára ìbéèrè wọn rèé, pẹ̀lú èsì tí mo fún wọn.

*Ẹ̀gbọ́n, Apatapítì ni mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí FUTA lójoojúmọ́. Bí mo bá kán ọ́ìlì sí ṣéènì lónìí, á dákẹ́. Tó bá fi máa di ọ̀túnla, ó ti tún ń han. Ìgò ọ́ìlì kejì ni mo ti lò tán yìí. Kí ló dé?*

Àbúrò, ọ́ìlì rẹ kò wọlé ni. Gbé ojú sún mọ́ ṣéènì yẹn dáadáa. Láàárín irin pẹlẹbẹ méjì, wàá rí òrùka kékeré kan tó ń yí. Ìṣó tó so oríkèé méjì pọ̀ ló gba inú rẹ̀ kọjá. Hans Renold, ọmọ Switzerland tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Manchester, ló gbé irú ṣéènì yìí jáde ní 1880, ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò sì tíì yí padà. Inú òrùka yẹn, níbi tí irin ti ń ha irin, ni igbe ti ń jáde. Ibẹ̀ ló ń fẹ́ ọ́ìlì. Èyí tó bá dúró sí ara ṣéènì lóde, yẹ̀pẹ̀ pupa ló ń bá wa kó jọ. Yẹ̀pẹ̀ àti ọ́ìlì á pò pọ̀, á wá máa lọ irin bí òkúta tí a fi ń pọ́n ọ̀bẹ. Kíkán ọ́ìlì lé ìdọ̀tí lórí dà bí ẹni tó ti oko dé, tí kò wẹ̀, tó wá ń fi òrí para.

Fọ̀ ọ́ kọ́kọ́. Bu kẹrosíìnì sínú agolo mílíìkì, ìdajì rẹ̀ ti tó, kí o sì wá búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó. Dojú kẹ̀kẹ́ dé, kó fi ìjókòó àti ọwọ́ rẹ̀ dúró. Máa yí pẹ́dàlì sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kí o máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ṣéènì lókè, nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún, lósì. (Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ tó ń fi ẹsẹ̀ mú búrèkì, kò ní gbà kó yí sẹ́yìn. Síwájú ni kí o yí i, kí o ṣọ́ ìka rẹ gidigidi, nítorí eyín kẹ̀kẹ́ kò mọ̀ pé ẹran ni.) Kẹrosíìnì àkọ́kọ́ á dúdú kirikiri. Dà á sínú ike kan, má dà á sí gọ́tà, bu òmíràn. Lẹ́yìn náà, fi àkísà di ṣéènì mú, kí o máa yí i títí àkísà kò fi ní dúdú mọ́. Wá mú oríkèé kan láàárín ìka méjì, gbé etí sún mọ́ ọn, tẹ̀ ẹ́ lọ, tẹ̀ ẹ́ bọ̀. Bó bá ṣì ń dún ṣẹ́rẹ́ṣẹ́rẹ́, tí o sì ń gbọ́ ọ lọ́wọ́ bí ẹni ń jẹ iyanrìn nínú ẹ̀wà, ìdọ̀tí ṣì wà nínú rẹ̀. Padà sídìí kẹrosíìnì.

Má kán ọ́ìlì sí i lójú ẹsẹ̀. Kẹrosíìnì tó kù nínú òrùka á fọ ọ́ìlì náà jáde ni. Jẹ́ kó sùn, kó di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Nígbà náà, kán ẹ̀kán kan péré sórí òrùka kọ̀ọ̀kan. Wọ́n lé ní 100 lórí ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́, nítorí náà fi sùúrù jókòó tì í. Yí pẹ́dàlì fún ìṣẹ́jú kan, fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí o wá fi àkísà mímọ́ nu gbogbo ara rẹ̀ gbẹ. Ibí yìí ni àwọn ènìyàn ti ń bá mi jà, wọ́n ní mo ń nu ọ́ìlì olówó dànù. Èyí tó ti wọlé kò ní jáde. Tèyí tó wà lóde ni mo ń nù.

*Ọ́ìlì wo ló dára jù?*

Ọ́ìlì máṣíìnì ìránṣọ dára lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀ àti ọyẹ́, ó ṣàn, ó sì ń tètè wọlé. Òjò kan ṣoṣo ló máa ń fọ̀ ọ́ lọ. Lásìkò òjò, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tuntun ni mo máa ń lò, ẹ̀kán kan fún òrùka kọ̀ọ̀kan, tí mo sì ń nù ún dáadáa, nítorí ó máa ń fa eruku. Gíríìsì nípọn jù, kò ní wọlé. Má sì jẹ́ kí ẹ̀kán kan ta sí rímù, búrèkì kò ní mú mọ́.

*Ọmọ mi, oko kòkó l'ọ́nà Ìdànrè ni mò ń gun kẹ̀kẹ́ lọ. Mẹkáníìkì ọ̀kadà ń fún mi ní ọ́ìlì kọ́ńdẹ̀mù lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ló dé tí ṣéènì mi kì í pẹ́?*

Ẹ kú iṣẹ́ oko, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sí i mọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni, mo sì mọ iye tí nǹkan ń jẹ nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n dúdú tó dúdú yẹn, èéfín àti eérú irin tí ẹ́ńjìnnì ti jẹ ló wà nínú rẹ̀. Irin lẹ ń bu sínú irin. Kò dára fún awọ ọwọ́ yín pẹ̀lú. Ìgò kékeré ọ́ìlì tuntun kan á pẹ́ lọ́wọ́ yín bí ẹ bá ń kán an ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gba ẹrẹ̀ kọjá, ẹ fi àkísà nu ṣéènì lálẹ́ ọjọ́ náà, kó tó gbẹ mọ́ ọn.

*Bọ̀dá, ọmọ mi ti fi epo pupa sí tirẹ̀. Ṣé ó ti bà á jẹ́?*

Rárá, mà. Epo oúnjẹ á lẹ̀, á sì dì mọ́ inú òrùka tó bá pẹ́, ìyẹn ló burú nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ bí mo ṣe ṣàlàyé. Ẹ má jẹ́ kó fi bẹntiróòlù fọ nǹkan kan o. Òórùn rẹ̀ nìkan ti tó láti gba iná láti ibi ààrò.

*Mo fọ̀ ọ́, mo kán ọ́ìlì, kò han mọ́. Ṣùgbọ́n ó ń yọ bí mo bá ń gun òkè.*

Fi ìka gbé ṣéènì sókè sódò láàárín eyín iwájú àti ti ẹ̀yìn. Lórí kẹ̀kẹ́ tí kò ní gíà, bó bá ń mì ju nǹkan bí ìdajì íǹṣì lọ, ó dẹ̀. Tú nọ́ọ̀tì táyà ẹ̀yìn, fà á sẹ́yìn, kó dúró láàárín gbọọrọ, kí o dè é padà.

Bí kò bá dẹ̀, gbé téèpù onírin ti káfíńtà wá, fi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí àárín ìṣó kan, kí o ka ìṣó náà sí ìkíní. Ìdajì íǹṣì ló wà láti ìṣó kan dé èkejì, nítorí náà ìṣó kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n yẹ kó bọ́ sórí íǹṣì 12 géérégé. Bó bá fi mìlímítà kan àti ààbọ̀ kọjá, ra ṣéènì tuntun. Bó bá tó mìlímítà 3, eyín kẹ̀kẹ́ náà ti jẹ, wàá rí i tó ti tẹ̀ bí èékánná àṣá. Ṣéènì tuntun kò ní jókòó lórí irú eyín bẹ́ẹ̀, pa wọ́n pọ̀ pààrọ̀.

*Mo tú u kúrò láti fọ̀ ọ́. Báwo ni mo ṣe máa dá kílíìpù rẹ̀ padà?*

Kílíìpù náà, irin kékeré tó ń di ojú ibi tí ṣéènì ti pàdé mú, ní orí tó dí àti ìdí tó là. Níbi tí ṣéènì ti ń lọ síwájú lókè, orí tó dí ni kó kọjú síwájú, kí ìdí tó là wà lẹ́yìn. Bí o bá yí i padà, ohun tó bá kọ́ ọ lójú ọ̀nà lè fà á ṣí. Tẹ̀ ẹ́ wọlé pẹ̀lú púláyà títí wàá fi gbọ́ "kẹ́", kí o tó gbéra.