Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Táyà Alùpùpù Tí A Gbé Pamọ́ Lásìkò Òtútù

Níbi tí yìnyín ti ń bo ojú ọ̀nà, ọ̀pọ̀ ẹni tó ní alùpùpù a máa gbé e pamọ́ fún oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á rántí bátìrì àti epo, ṣùgbọ́n wọ́n á gbàgbé táyà, bẹ́ẹ̀ táyà ló ń ru gbogbo ìwúwo ọkọ̀ náà tọ̀sán-tòru lórí ibi kan tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá tún dín nínú rẹ̀, ibi tó kanlẹ̀ yẹn á tẹ́, ọkọ̀ á sì máa gbọ̀n nígbà tí a bá tún gùn ún.

Ẹ kọ́kọ́ fi omi àti ọṣẹ fọ táyà méjèèjì, kí ẹ yọ òkúta wẹ́wẹ́ tó há sójú rẹ̀, kí ẹ sì fọ epo àti gíríìsì kúrò pátápátá, nítorí wọ́n a máa jẹ rọ́bà. Ẹ má fi ìpara tó ń mú táyà dán pa á. Bó bá kan ojú tó ń tẹ ilẹ̀, yíyọ̀ ni yóò máa yọ̀.

Bí ẹ ti ń nù ún, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bóyá ó ti ń sán. Ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́bàá lẹ́tà DOT tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà: 2319 fi hàn pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà tó ti gbó kò yẹ ní ohun tí à ń ṣe wàhálà lé lórí. Ẹ dúró di ìgbà tí òtútù bá parí kí ẹ tó ra tuntun.

Afẹ́fẹ́ ni mo kà sí pàtàkì jù. Táyà tí kò jò pàápàá a máa pàdánù nǹkan bíi psi 1 lóṣù (psi ni òṣùwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ inú táyà), bí ojú ọjọ́ bá sì fi nǹkan bíi 6°C tutù sí i, psi 1 mìíràn á tún lọ. Táyà tí a fún ní psi 36 tó wá lo oṣù mẹ́ta níbi tó fi 18°C tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lè bọ́ sí nǹkan bíi psi 30. Nítorí náà, ẹ fún un ní iye tí ìwé tó bá ọkọ̀ wá sọ nígbà tí táyà ṣì tutù, kí ẹ má kọjá iye tó ga jù tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa fi géèjì wọ̀n ọ́n lóṣooṣù. Ẹ kán omi ọṣẹ sẹ́nu fáàfù. Bó bá ń hó, ó ń jò nìyẹn. Ẹ dé ọmọrí rẹ̀ padà.

Lẹ́yìn èyí, bí ẹ bá ní sitáńdì tó ń gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀, ẹ lò ó, kí ẹnìkan sì bá yín di ọkọ̀ mú bí ẹ ti ń gbé e. Bí kò bá sí, ẹ tẹ́ pákó sábẹ́ táyà, kí ẹ sì máa ti ọkọ̀ síwájú díẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì-méjì kí ibòmíràn lè kanlẹ̀.

Ibi tó ṣókùnkùn, tó sì gbẹ, ló dára jù fún un. Oòrùn a máa mú rọ́bà le, gáàsì ozone tó ń jáde lára mọ́tò iná mànàmáná àti ẹ̀rọ wẹ́dà a sì máa mú un sán.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gùn ún jáde, ẹ tún afẹ́fẹ́ wọ̀n, ẹ yí táyà wò yíká, kí ẹ sì rọra sáré títí rọ́bà yóò fi móoru kí ẹ tó tẹ ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní kọ́nà.