Bí mo ṣe sọ ìtàn Ekúndayọ̀ Phillips fún ẹgbẹ́ akọrin wa

Ọ̀gá akọrin wa ló gbé iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́. Ọdún ẹgbẹ́ akọrin ń bọ̀. Ó ní orin òyìnbó bíi ti Handel ti tó, kí ẹnì kan bá wa sọ̀rọ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní alẹ́ ìdánrawò, lórí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tó kọ orin sílẹ̀ fún akọrin. Bó ṣe wí bẹ́ẹ̀ tán ló wojú mi. "Ìwọ tí ẹnu rẹ kì í dákẹ́ bí mo bá ń kọ́ báàsì lórin, wá lo ẹnu náà fún wa."

Mo mọ àwọn èèyàn wa. Àwọn ìyá áltò máa ń ti ọjà bọ̀ wá síbẹ̀ ni, àwọn ọmọ sopíránò ń wo fóònù lábẹ́ ìwé orin. Bí mo bá dìde tí mo ń kà á lórí ìwé pé "wọ́n bí i lọ́dún báyìí, ó lọ sílé ìwé báyìí," gbogbo wọn yóò sùn lọ kí n tó dé ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Mo pinnu pé n kò ní gbé ìwé dání, àti pé àwọn fúnra wọn ni yóò fi ẹnu ara wọn kọ ìdajì ìtàn náà.

Ta ni kí n mú? Ayọ̀ Bánkọ́lé ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, torí mo fẹ́ràn orin ìbejì tó kọ. Lẹ́yìn náà ni mo ro ti Fẹlá Ṣówándé. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo bá tọpa nínú wọn, ilé kan náà ló ń mú mi dé: Kàtídírà Kírísítì ní Marina, Èkó, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó jókòó sídìí dùùrù ibẹ̀ láti 1914 títí di 1962. Thomas King Ekúndayọ̀ Phillips. Mo ní òun gan-an ni màá mú. Àwọn tó kù, ọmọ ilé rẹ̀ ni wọ́n.

Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ kò gùn láti sọ. Wọ́n bí i ní 1884. CMS Grammar School, ilé ìwé àwọn ajíhìnrere Áńgílíkà ní Èkó, ló lọ, ẹbí rẹ̀ kan tó jẹ́ àlùfáà, Johnson, ló sì kọ́kọ́ kọ́ ọ ní dùùrù títẹ̀. Ọmọ ọdún méjìdínlógún péré ni nígbà tí wọ́n fi í ṣe atẹdùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì St Paul's, Breadfruit, ní Èkó, ó sì ṣe é fún ọdún mẹ́sàn-án. Ní 1911 ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó kọ́ dùùrù, pianó àti fayolíìnì ní Trinity College of Music, ó padà dé ní 1914, wọ́n sì gbé Kàtídírà lé e lọ́wọ́. Ilé ńlá tí a ń wò ní Marina lónìí kò tíì sí nígbà náà. Ní 1925 ni ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, wọn kò sì parí rẹ̀ títí di 1946. Ìyẹn ni pé fún ogún ọdún ó lé, bí wọ́n ti ń mọ ilé ni Phillips ń mọ akọrin. Nígbà tí owó dùùrù ńlá kò tó, ó kó àwọn akọrin rẹ̀ kúrò ní Èkó lọ kọrin fún àwọn ìlú mìíràn kí wọ́n lè rí i san. Ó fi ipò sílẹ̀ ní 1962, Charles ọmọ rẹ̀ bọ́ sí i, bàbá sì papòdà ní 1969.

Gbogbo èyí tí mo sọ yìí, ìṣẹ́jú mẹ́rin kò pé lórí rẹ̀. Kí ni kí n wá fi ìyókù ọgbọ̀n ìṣẹ́jú náà ṣe? Mo fi ṣe ohun tí ọkùnrin náà fi ayé rẹ̀ ṣe.

Mo gbé pátákó ìkọ̀wé síwájú, mo ní kí wọ́n dìde, kí wọ́n kọ "Wá bá mi gbé, alẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ́ tán." Kò sẹ́ni tó nílò ìwé. Ohùn tí William Henry Monk fún orin yẹn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1861 ti wọ wá lára tán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí òkú tí a sin láìkọ ọ́. Nígbà tí wọ́n kọ ìlà àkọ́kọ́ tán, mo ní kí wọ́n dúró. Mo kọ sọ́ọ́fà rẹ̀ sórí pátákó, d fún dò tó wà nísàlẹ̀, r, m, f, s, l sì ń gòkè tẹ̀ lé e, mo sì kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan:

m m r d, s l s s f m.
Wá bá mi gbé, a-lẹ́ fẹ́-rẹ̀ẹ́ lẹ́ tán.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọrin mọ́. Ẹ sọ ọ́ bí ẹni tó ń bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kó má tíì lọ." Wọ́n sọ ọ́. "Ó dáa. Ẹ fi 'hùn' kọ sọ́ọ́fà yẹn, ẹ má pe ọ̀rọ̀ kankan." Wọ́n kùn ún. Ọmọ sopíránò kan ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

"Wá bá mi," ó bọ́ sí i, òkè, òkè, àárín. Ẹ wá wo "gbé." Ẹnu wa gbé e sókè, orin tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí d. Ẹni tí kò mọ orin náà rí, tó dúró lẹ́yìn fèrèsé, "gbè" ni yóò gbọ́, bí ẹni pé à ń bẹ̀bẹ̀ pé kí Olúwa wá gbè wá lẹ́yìn. "Alẹ́" dára, s lọ sí l. Ṣùgbọ́n "fẹ́rẹ̀ẹ́" tí ẹnu ń gbé sókè tó sì ń fà wálẹ̀, ojú kan ni orin dúró sí. "Lẹ́ tán," òkè ni méjèèjì, orin ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú wọn. A ti ń kọ ọ́ láti kékeré, a sì mọ ohun tó ń wí. Kì í ṣe pé orin ló sọ fún wa. Ìwé ló sọ fún wa.

Ibẹ̀ ni mo ti padà sórí Phillips. Àwọn òyìnbó ajíhìnrere àti àwọn àlùfáà wa àkọ́kọ́ tú orin Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, wọ́n fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ bó ṣe wà. Ọ̀rọ̀ sì ń fọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi gbogbo. Phillips kọ́ ló kọ́kọ́ rí i. Josiah Jesse Ransome-Kútì ti ń kọ orin ìbílẹ̀ fún àwọn ọmọ ìjọ ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì ká ohùn rẹ̀ sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Bàbá bàbá Fẹlá Aníkúlápó ni, àwọn ọmọ sopíránò gbé fóònù sílẹ̀ níbi tí mo ti sọ èyí. Ohun tí Phillips ṣe tó yàtọ̀ ni pé ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìdí dùùrù. Ó kọ orin ìsìn ní Yorùbá, ìdáhùn àlùfáà àti ìjọ, Magnificat tí í ṣe orin Màríà, áńtẹ́ẹ̀mù tí akọrin máa ń kọ fún ìjọ, ó sì jókòó kọ ìwé lórí bí ọ̀rọ̀ àti orin ṣe so pọ̀ nínú orin Yorùbá. Ìwé náà jáde ní 1953, African Music Society ló tẹ̀ ẹ́ ní Johannesburg.

Mo wá ní ká dán an wò fúnra wa. Sáàmù 121 ni mo mú, torí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n sórí. "Èmi ó gbé ojú mi sókè." Mo ní kí wọ́n má ronú orin rárá, kí wọ́n sọ ọ́ ní dò, re, mí bí olùkọ́ ṣe kọ́ wa ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́, mo ń kọ ọ́ bí wọ́n ti ń pè é:

d r m m r m r m d.

"Ẹ kọ ọ́." Wọ́n kọ ọ́. Orin ni. Orin kékeré, tó dà bí ohun tí ìyá àgbà máa ń dá nínú yàrá, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ tó fọ́ nínú rẹ̀. Bọ̀dá kan nínú báàsì ní ó ti ń sú òun, pé ohùn mẹ́ta péré. Ó jàre. Mo fi s àti l kún un, ohùn márùn-ún náà pé, èyí tí Phillips sọ pé orin Yorùbá dúró lé lórí. Àmì òkè kò ní dandan kó jẹ́ m ní gbogbo ìgbà. Ó lè jẹ́ s, ó lè jẹ́ l, bó bá ṣáà ti ga ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ níbi tí ẹnu ti ń gòkè. Mo gbé "ó gbé" lọ sí s s, mo gbé "ojú" sí m s, orin náà sì ṣí bí fèrèsé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá jẹ́ kí wọ́n rí wàhálà gidi. Mo ní kí wọ́n fi sọ́ọ́fà àkọ́kọ́ yẹn kọ ẹsẹ kejì, "Ìrànlọ́wọ́ mi tọwọ́ Olúwa wá." Ibẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dára, "Ìrànlọ́wọ́ mi," d r m m r. Bó ṣe kan "tọwọ́," m r, ó dorí kodò. Nígbà tó dé orúkọ Olúwa gan-an, "O" wà lórí m, "lú" já sí d. Gbogbo ilé pariwo. Orin tó ní ẹsẹ mẹ́fà lórí ohùn kan ṣoṣo, tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò láìsí ìyọnu, Yorùbá kò lè lò ó bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá yí, ohùn ní láti yí. Ìdí nìyí tí orin tiwa fi fẹ́ràn elé àti ègbè: elé ń yí bí ọ̀rọ̀ bá ṣe wí, ègbè dúró sójú kan torí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yí.

Ti ohùn mẹ́rin tí akọrin ń kọ pọ̀ tún burú ju ìyẹn lọ. Ohun tí wọ́n ń kọ́ni nínú ìwé orin òyìnbó ni pé bí sopíránò, ohùn òkè pátápátá, bá ń gòkè, kí báàsì, ohùn ìsàlẹ̀ pátápátá, máa sọ̀ kalẹ̀, ó dùn létí. Nínú Yorùbá, ìyẹn túmọ̀ sí pé sopíránò ń wí nǹkan kan, báàsì ń wí òmíràn lábẹ́ rẹ̀. Kí gbogbo ohùn máa gòkè pọ̀ kí wọ́n sì máa sọ̀ pọ̀ ni ọ̀rọ̀ fi ń yè. Olùkọ́ tó kọ́ Phillips ní Lọ́ńdọ̀nù sì lè fi gègé pupa fa igi sí i. N kò gbà pé ẹnikẹ́ni ti parí ìjà yìí. Gbogbo ẹni tó bá ń kọ orin akọrin ní èdè wa ló ń bá a jà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan.

Màmá kan nínú áltò dìde. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ fẹ́ gba 'Wá bá mi gbé' lọ́wọ́ wa ni? Orin tí mo fi sin ọkọ mi." Mo dọ̀bálẹ̀ fún un níbẹ̀. Mo ní rárá, Mà, kò sẹ́ni tó lè gbà á. Mo sì gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Phillips fúnra rẹ̀ kò kó orin òyìnbó dànù, ó ń darí Handel àti Mendelssohn ní Kàtídírà títí tó fi fi ipò sílẹ̀. Orin tó ti gbé èèyàn la ikú kọjá, kì í ṣe àmì ohùn ló gbé e dúró. Èyí tí a bá fẹ́ kọ tuntun lónìí ni kò sí àwáwí fún.

Ìṣẹ́jú tó kù lọ sórí àwọn ọmọ ilé rẹ̀. Fẹlá Ṣówándé, tí wọ́n bí ní Ọ̀yọ́ ní 1905, kọrin lábẹ́ rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù kí ogun Hitler tó bẹ́, ó ń fi ọwọ́ kan tẹ jáàsì, ó ń fi èkejì tẹ dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ní Kingsway Hall, ó sì kọ iṣẹ́ orin rẹ̀ tó ń jẹ́ African Suite ní 1944. Ní Ohio, ní Amẹ́ríkà, ló kú sí ní 1987. Ayọ̀ Bánkọ́lé, ọmọ tí wọ́n bí ní Jos ní 1935, kọrin ní Kàtídírà náà, ó kọ́ orin ní Lọ́ńdọ̀nù àti Cambridge, ó padà wá di olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó. Wọ́n pa òun àti ìyàwó rẹ̀ ní 1976. Kò ju ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì lọ. N kò lè sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ìyẹn, mo ní kí wọ́n kọ ìlà kan nínú orin ìbejì rẹ̀, ó sì tó.

Ọ̀gá akọrin kò jẹ́ kí n lọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n parí Sáàmù tí mo bẹ̀rẹ̀, pé òun yóò lò ó lọ́jọ́ ọdún. Mo fún ẹsẹ kejì ní ohùn tirẹ̀, mo fi ègbè sáàárín, a sì kọ ọ́. Ìjọ mú ègbè náà lẹ́ẹ̀kejì tí wọ́n gbọ́ ọ, láìsí ìwé lọ́wọ́ wọn. Báàsì nìkan ló ṣì ń ráhùn pé ipa tiwọn kò dùn tó ti Handel. Wọ́n ń tẹ̀lé sopíránò gòkè sọ̀ kalẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo sì ti sọ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe rí nínú èyí tó ń bọ̀.