Oṣù oyún ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ ní ṣọ́ọ̀bù oògùn

Ẹ̀yin ìyá wa, bẹ́ ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù oògùn, ì báà jẹ́ l'Ígbọ̀nà tàbí l'Ọlá-Ìyá l'Óṣogbo, kẹ́ ẹ tó sọ ohun tó ń ṣe yín, iye oṣù oyún ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ, tàbí ọjọ́ orí ọmọ tó ń mu ọmú. Àǹtíbáyótíìkì, ìyẹn oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, yàtọ̀ síra. Àwọn dókítà sábà máa ń fún aláboyún ní amoxicillin. Ṣùgbọ́n tetracycline, kápúsù pupa àti yẹ́lò tí wọ́n ń tà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ́jà yẹn, láti bí oṣù kẹrin lọ, ó máa ń wọ eegun àti eyín ọmọ inú, eyín ọ̀hún á sì hù ní àwọ̀ ràkọ̀ràkọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Septrin náà, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó lò ó, pàápàá ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fọ́mọ lọ́mú, ọ̀pọ̀ nínú àwọn àǹtíbáyótíìkì ò ní kẹ́ ẹ já ọmọ lẹ́nu ọmú. Ẹ ṣáà máa wo ìgbẹ́ rẹ̀ bóyá ó ń ṣàn. Àmọ́ bí ara bá ń gbóná, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ lọ o: ó lè jẹ́ ibà, amoxicillin kì í sì í wo ibà.