Bí ẹ́ńjìnnì kan bá kú lókè: bí a ṣe ń ṣe é tí a kò fi ní pa èyí tó yè

Ọkọ̀ òfuurufú Boeing 737 ni màá fi ṣàpẹẹrẹ, torí ẹ́ńjìnnì méjì ló ní, awakọ̀ méjì ló sì ń jókòó síwájú rẹ̀. Ẹyọ kan tó fún un láti gòkè, kó rìn, kó sì balẹ̀. Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni kí a fi ọwọ́ ara wa pa ẹyọ tó kù.

Ká ní ti òsì ló kú bí ọkọ̀ ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílẹ̀. Imú á yà sósì. Ẹ fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ pẹ́dà rudder (pátákó ìrù tó ń yí imú ọkọ̀) títí imú á fi dúró lójú kan. Ẹ wo ọwọ́ ìtukọ̀ tí ẹ dì mú: bó bá ṣì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹsẹ̀ kò tíì tó. Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ nìkan jà á, pátákó orí ìyẹ́ á máa dìde, á sì máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn lásìkò tí agbára ti dín kù. Ẹ ká táyà sókè, ẹ di eré V2 tí ẹ ti ṣírò sílẹ̀ mú, ìyẹn eré tí ọkọ̀ lè fi gòkè láìséwu lórí ẹ́ńjìnnì kan. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan títí ẹ ó fi ga tó 400 ẹsẹ̀ bàtà. Bí agogo iná bá ń dún, ẹ pa ariwo rẹ̀, kí ẹ máa fò.

Ibi tó ń pa èèyàn ló kàn: mímọ èyí tó kú. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kìíní ọdún 1989, ọkọ̀ 737-400 kan gbéra ní Heathrow, ó ń lọ sí Belfast. Abẹ fáànù kan kán nínú ẹ́ńjìnnì òsì, ọkọ̀ ń gbọ̀n, òórùn èéfín wọlé. Àwọn awakọ̀ yọ autothrottle (ẹ̀rọ tó ń yí agbára ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀), wọ́n fa ti ọ̀tún wálẹ̀, gbígbọ̀n náà sì rọlẹ̀, wọ́n bá gbà pé ọ̀tún ló bàjẹ́, wọ́n sì pa á. Yíyọ autothrottle ló jẹ́ kí ti òsì sinmi díẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálẹ̀ sí East Midlands, ti òsì dákẹ́ pátápátá, ọkọ̀ já sí ẹ̀bá Kegworth, èèyàn 47 sì kú. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì ọdún 2015, wọ́n tún pa èyí tó yè lórí ọkọ̀ ATR kan ní Taipei. Èèyàn 43 ló bá a lọ.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí òórùn tó lọ tàbí gbígbọ̀n tó rọlẹ̀ dá ẹjọ́ fún yín. Ọ̀nà àbùjá kan wà: ẹsẹ̀ tó sinmi ló wà níhà ẹ́ńjìnnì tó kú. Ó wúlò, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí ni ẹsẹ̀, kì í ṣe adájọ́. Bí autopilot (ẹ̀rọ tó ń wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀) bá wà lẹ́nu iṣẹ́, tàbí tí agbára bá ti rọlẹ̀, kò ní sọ nǹkan kan fún yín. Ẹ wo N1 (bí fáànù ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára yí), ẹ wo EGT (ooru èéfín tó ń jáde), ẹ wo epo tó ń wọlé, kí ẹ sì ka ohun tí ẹ rí síta.

Lẹ́yìn náà, autothrottle kúrò. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ gbé ọwọ́ lé ọ̀pá agbára, ó ní, “Òsì?” Ẹnì kejì wo aago ẹ́ńjìnnì, wo ọwọ́, ó ní, “Òsì ni.” Ẹ wá fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé iná ń jó tàbí pé ó bàjẹ́ gidi, ẹnì kejì ló ń mú ọ̀pá tó ń gé epo, òun náà á sì béèrè kó tó gé e. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ní láti fi àtẹ́lẹwọ́ bo ti ẹ́ńjìnnì tó yè pátápátá. Ẹ má fo èyí láé. Bákan náà ni fún ọwọ́ iná, ìyẹn ọ̀pá tí a ń fà tí a sì ń yí láti pa iná ẹ́ńjìnnì. Bí iná pupa rẹ̀ kò bá kú, ẹ yí i títí á fi dúró, ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá 1. Ẹ fi aago ka ìṣẹ́jú àáyá 30, ẹ má fi orí kà á: ẹni tí àyà rẹ̀ ń já ń kà kíákíá. Bó bá ṣì tàn, ẹ yí i sí ìhà kejì.

Ẹni tí kò lówó simulator (ẹ̀rọ tí a fi ń kọ́ wíwa ọkọ̀ lórí ilẹ̀), ẹ tẹ àwòrán iwájú awakọ̀ jáde, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kí ẹni méjì jókòó síwájú rẹ̀ kí wọ́n máa na ọwọ́, kí wọ́n máa dáhùn. Bébà yìí ń kọ́ ọwọ́ dáadáa.

Ìyókù rọrùn: ẹ ṣí ìwé àyẹ̀wò, ẹ tan APU (ẹ́ńjìnnì kékeré ìdí ọkọ̀ tó ń pèsè iná mànàmáná), ẹ kéde Mayday (igbe ìrànlọ́wọ́ lórí rédíò). Bó bá jẹ́ òkè réré ló ti kú, ọkọ̀ á ní láti sọ̀ kalẹ̀ sí ibi tí ẹyọ kan lè gbé e dúró. Ẹ ṣọ́ epo: kí ìyàtọ̀ ìyẹ́ méjèèjì má kọjá 453 kg. Pápákọ̀ tó yẹ tó súnmọ́ jù lọ ni kí ẹ forí lé, kì í ṣe ibi tí ẹ kọ sínú tíkẹ́ẹ̀tì. Ọkọ̀ MD-83 tó já sí Ìjù-Ìṣàgá ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2012 ti ní ìṣòro ẹ́ńjìnnì kan lójú ọ̀nà, ó ṣì ń bọ̀ l'Ékòó, kí ìkejì tó kọ̀. Gbogbo èèyàn 153 inú rẹ̀ kú.

Flap 15 (pátákó ẹ̀yìn ìyẹ́, ní ipò 15) ni kí ẹ fi balẹ̀, ọkọ̀ á yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí náà ẹ wá ojú ọ̀nà tó gùn. Bí ẹ bá ń fa agbára wálẹ̀ kí táyà tó kan ilẹ̀, ẹ máa dẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún pẹ̀lú rẹ̀. Àìjẹ́bẹ́ẹ̀, imú á ṣí sọ́tùn-ún lójú yín.