Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń fi ìjókòó ilé oúnjẹ kọ́ design thinking

Ilé oúnjẹ dára fún kíkọ́ design thinking, ìyẹn ọ̀nà tí a fi ń yanjú ìṣòro nípa bíbẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ìṣòro náà kàn, torí pé kí wákàtí kan tó pé, oníbàárà á ti wọlé, á ti jókòó, á ti jẹun, á sì ti sanwó lójú yín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti mọ ìpele márùn-ún tí d.school, ilé ẹ̀kọ́ design ti Yunifásítì Stanford, sọ di mímọ̀: ẹ mọ ohun tí oníbàárà ń là kọjá, ẹ sọ ìṣòro rẹ̀ gan-an, ẹ kó èrò jọ, ẹ ṣe àwòṣe, ẹ dán an wò. Kíkà á sórí kò le rárá. Àmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kì í tíì fìdí kalẹ̀ tán tó ti máa ń sọ pé, "Áàpù ló yẹ kí wọ́n ṣe síbí."

Àṣìṣe tó ń bí àwọn yòókù nìyẹn. Ẹ má fi "oúnjẹ pẹ́" ṣe ìṣòro, nítorí pé ìdúró inú ilé oúnjẹ kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹ mú ìwé, kí ẹ pín in sí òpó mẹ́ta: aago, ohun tó ṣẹlẹ̀, ìṣesí oníbàárà. Ká sọ pé ohun tí ẹ kọ nìyí: aago 1:04, ó jókòó, 1:11, wọ́n mú mẹ́nù wá, 1:15, ó sọ ohun tó fẹ́ jẹ, 1:29, oúnjẹ dé, 1:48, ó jẹun tán, ó ń wá ojú agbóúnjẹ, 1:53, ó nawọ́ sókè, 2:02, ó sanwó. Ìṣẹ́jú 14 ni oúnjẹ fi ti ilé ìdáná jáde. Láti ìgbà tó jẹun tán títí tó fi sanwó, ìṣẹ́jú 14 náà ni! Bí wọ́n bá gba alásè mẹ́wàá kún un, ìdúró ẹ̀yìn yẹn kò ní dín. Òpó kẹta làwọn ènìyàn sì máa ń fò, bẹ́ẹ̀ ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ má bi oníbàárà pé, "Ṣé ẹ máa fẹ́ràn kí á ṣe báyìí?" Á ní bẹ́ẹ̀ ni, kó má bàa kàn yín lábùkù. Ẹ bi í léèrè ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí: "Nígbà tí ẹ jẹun níta kẹ́yìn, báwo lẹ ṣe sanwó?" Kí ẹ wá dákẹ́. Ẹ má sì gbàgbé agbóúnjẹ. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń rìn lọ rìn bọ̀ nítorí owó tábìlì kan ṣoṣo.

Tó bá kan kíkọ ìṣòro sílẹ̀, "Báwo la ṣe lè mú inú oníbàárà dùn?" ti fẹ̀ jù, kò sí ohun tí kò gbà. "Báwo la ṣe lè gbé ẹ̀rọ ìsanwó sórí tábìlì?" sì ti há jù, ìdáhùn ti wà nínú rẹ̀. Èyí ṣeé lò: "Báwo la ṣe lè jẹ́ kí ẹni tó ti jẹun tán, tó ń kánjú padà sẹ́nu iṣẹ́, sanwó láìwá agbóúnjẹ kiri?" Kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ni dídín ìṣẹ́jú kù ni ojútùú. Lọ́dún 1985, David Maister, onímọ̀ nípa iṣẹ́ òwò, kọ̀wé lórí ìdúró, ó ní ìdúró téèyàn ò mọ ìgbà tó máa parí máa ń gùn lójú ẹni ju èyí téèyàn mọ̀ lọ. Nígbà mìíràn, "ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá" ti tó.

Èrò kíkó jọ kò gba àlàyé púpọ̀: kí kálukú kọ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èrò ẹni tí ohùn rẹ̀ lọ sókè jù ni gbogbo yín máa tẹ̀ lé.

Àwòṣe tó rẹwà jù náà léwu, torí ẹni tó fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe é kò ní fẹ́ gbọ́ àléébù rẹ̀. Nígbà tí Richard àti Maurice McDonald, tẹ̀gbọ́n tàbúrò tó bẹ̀rẹ̀ ilé oúnjẹ McDonald's, ń múra ilé ìdáná tuntun ní San Bernardino, California, ẹfun ni wọ́n fi ya á sórí pápá tẹníìsì, tí àwọn òṣìṣẹ́ sì ń rìn nínú rẹ̀ bí ẹni ń dáná. Ibi tí wọ́n bá ti ń kọlu ara wọn, wọ́n á pa á rẹ́, wọ́n á tún un yà. Fún ìṣòro owó sísan tiwa yìí, ẹ ṣẹ́ páálí po sí méjì kó lè dá dúró lórí tábìlì, kí ẹ kọ "Mo fẹ́ sanwó" sí i. Kò yẹ kó gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Bí ẹ bá ń dán an wò, ẹ má ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé e kalẹ̀, kí ẹ máa wò. Jakob Nielsen, onímọ̀ nípa bí nǹkan ṣe ń rọrùn láti lò, dámọ̀ràn ènìyàn márùn-ún fún irú ìdánwò báyìí. Àléébù ni ènìyàn márùn-ún wà fún láti fi hàn, kò tó láti sọ pé "ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀." Bí oníbàárà bá gbé páálí náà dúró tí agbóúnjẹ kò sì rí i, ẹ má tíì pààrọ̀ àwọ̀ rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ lọ dúró síbi tí agbóúnjẹ máa ń dúró sí, kí ẹ wo tábìlì tí ojú rẹ̀ lè tó láti ibẹ̀.