Bọ́tìnì Fóònù Kọ́ọ̀lù Sẹ́ńtà: Ẹ Yé Fi Owó Ṣòfò

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìkẹ́rẹ́ dé ni, inú sì ń bí mi. Kọ́ọ̀lù sẹ́ńtà kan níbẹ̀ ra fóònù tuntun 12, wọ́n tún ra pátákó bọ́tìnì àfikún mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, wọ́n wá kó orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ sórí ẹ̀. Ejẹ́ntì tó ń gba kọ́ọ̀lù látàárọ̀ dalẹ́, ta ló fẹ́ máa pè? Súpáfáísọ̀ nìkan ló nílò pátákó yẹn, kó lè máa rí ẹni tó wà lórí fóònù. Owó 11 yòókù ti wọgbó nìyẹn.

1. Ẹ má ra pátákó fún ejẹ́ntì. Mo ti sọ ọ́.

2. Ẹ má fi bọ́tìnì pọ́ọ̀sì pamọ́, ìyẹn èyí tí ejẹ́ntì ń tẹ̀ kí kọ́ọ̀lù má tíì wọlé sí i. Fóònù Yealink T46S ní bọ́tìnì 10 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ẹ̀, ó lè gba 27 lórí ojú-ìwé 3, ṣùgbọ́n ẹni tí oníbàárà ń pariwo mọ́ létí ò ráyè máa ṣí ojú-ìwé kiri.

3. Eléyìí ló ń dùn mí jù. Ọ́fíìsì kan wà l'Adó níbí, lọ́nà Ajílóṣun, Asterisk, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń pín kọ́ọ̀lù fún àwọn ejẹ́ntì, ni wọ́n ń lò, wọ́n fi wrapuptime, ìyẹn àkókò ìmí díẹ̀ láàárín kọ́ọ̀lù kan sí òmíràn, sílẹ̀ ní 0 bó ṣe wà látilẹ̀, kò sì sí bọ́tìnì pọ́ọ̀sì kankan lójú fóònù. Mo jókòó ti ọmọbìnrin kan níbẹ̀. Bó ṣe ń gbé fóònù kalẹ̀ báyìí ni òmíràn ti ń dún, kò ráyè kọ nǹkan kan sí kọ̀ǹpútà, àtẹ́lẹwọ́ òsì ẹ̀ ló ń fi bírò kọ nọ́ńbà àwọn oníbàárà sí, ó ti kọ ọ́ dé ọrùn ọwọ́, òógùn sì ti pa díẹ̀ rẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ìtọ̀ gbọ̀n ọ́n, ńṣe ló fa kéèbù ẹ̀yìn fóònù yọ. Ọ̀gá wọn ní ọ̀lẹ ni, ó ti fún un ní kúèrì. Mo ní, "Ẹ má bínú sà, ẹ̀bi ẹni tó ṣètò fóònù yìí ni o." Mo fi wrapuptime sí 20, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá 20, mo fi bọ́tìnì pọ́ọ̀sì sábẹ́ bọ́tìnì láìnì tó fi ń gba kọ́ọ̀lù gan-an. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú 15 ni o! Èèyàn sì ti gba kúèrì sí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ lọ jókòó ti ejẹ́ntì kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà.

Nínú Asterisk yìí náà, ẹ fi ètò tó ń jẹ́ ringinuse sí no, kí kọ́ọ̀lù kejì má bàa máa dún mọ́ ẹni tó ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

Iná bọ́tìnì súpáfáísọ̀, èyí tó ń fi ẹni tó wà lórí fóònù hàn, ò tàn? Ẹ lọ wò ó bóyá ẹ kọ hint (ìlà tó ń sọ fún Asterisk fóònù tó máa ṣọ́) fún ẹsitẹ́ńṣọ̀n yẹn, ìyẹn nọ́ńbà inú ọ́fíìsì, nínú dialplan, ìyẹn ìlànà tí Asterisk fi ń darí kọ́ọ̀lù, kẹ́ ẹ tó dá fóònù padà s'Ékòó. Mo mọ ẹni tó dá mẹ́ta padà, kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n.

Ó ku ti ChanSpy, ohun tí súpáfáísọ̀ fi ń gbọ́ kọ́ọ̀lù ejẹ́ntì nínú Asterisk. Tẹ́ ẹ bá fi lẹ́tà d sí ètò ẹ̀, súpáfáísọ̀ tó tẹ 4 á kàn máa gbọ́, 5 á jẹ́ kó sọ̀rọ̀ sí ejẹ́ntì létí, 6 á gbé e wọ àárín ọ̀rọ̀, oníbàárà náà á sì máa gbọ́ ọ. Ẹ wo bí 5 àti 6 ṣe fara kanra. Èmi ni mo ṣe é bẹ́ẹ̀ fún súpáfáísọ̀ kan, ó fẹ́ sọ fún ejẹ́ntì pé, "Tètè dá bàbá yìí lóhùn kó máa lọ, ó ti yọ wá lẹ́nu jù," ó tẹ 6. Bàbá gbọ́ ọ ketekete. Èdè Èkìtì ni bàbá fi bú súpáfáísọ̀ náà, wọn ò mú nǹkan kan kù, ó sunkún. Ó dùn mí títí dòní. Láti ọjọ́ náà, bọ́tìnì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ń ṣe, tí mo kọ orúkọ sí lára, ti bíbọ́ sáàárín ọ̀rọ̀ a sì jìnnà sí méjì tó kù. Ejẹ́ntì ò gbọdọ̀ ní ìkankan nínú wọn, ẹ yé da tẹ́ńpléètì kan náà, ìyẹn ètò bọ́tìnì kan náà, bo gbogbo èèyàn.

Tẹ́ ẹ bá ṣe é tán, ẹ fi kọ́ọ̀lù gidi dán an wò, ejẹ́ntì fúnra ẹ̀ ni kó máa tẹ bọ́tìnì o, kí ẹ̀yin káwọ́ gbera kẹ́ ẹ máa wò ó.